Múdù Lórí Tábìlì Mi

Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn Gwagwaládà ti ń yọ́ ọ̀dà títì,
nígbà tí Ládìdì gbé múdù rẹ̀ wọ báǹkì wa.
Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní irin ni, kò gbọdọ̀ wọlé.
Ó ní, "Irin tí mo fi ń jẹun nìyí.
Ilẹ̀kùn yín tó ń ké, ẹ sọ fún un kó panu mọ́."

Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, gbàgà,
láàárín fọ́ọ̀mù àti òǹtẹ̀;
hóró ọkà bàbà méjì fò sáàárín bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà.
Ó ní, lédè Háúsá tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ lẹ́nu wọn,
"Ọmọ Yorùbá, owó ẹ̀rọ ìlọkà ni mo wá yá,
ẹ ti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.
Mo mú onígbọ̀wọ́ wá, ẹ ní kò tó.
Mo mú ìwé ilé wá, ẹ ní ilé náà ò kọjú sí títì.
Mo ní kí ẹ sọ ohun tí ẹ fi wọ̀n mí,
ẹ ní àṣírí báǹkì ni.
Ó dáa. Òṣùwọ̀n tèmi rè é.
Yí i po, tẹ ìdí rẹ̀ wò, bóyá mo fi òòlù lù ú wọnú.
Ọdún mọ́kànlélógún ló ti wà lójú ọjà,
ọmọdé tó bá fura, kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Èwo ni tiyín? Ibo lẹ gbé e pamọ́ sí?"

Ètè mi gbẹ bí ìgbà ọyẹ́.
Ohun tí n kò lè sọ fún un ni pé
èmi náà ò rí i rí.
Mo tẹ orúkọ, mo tẹ ọjọ́ orí, mo tẹ àdúgbò,
ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó yọ àwọ̀ pupa,
èmi a sì wọ aṣọ fún pupa náà:
A dúpẹ́ pé ẹ yàn wá láàyò. Ẹ tún padà wá.

Mo wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Onímísì, ọ̀gá wa.
Kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ó ní, "Bí a bá gbé òṣùwọ̀n síta,
kí ilẹ̀ tó mọ́, gbájúẹ̀ á ti rán aṣọ tó bá a mu gẹ́lẹ́.
Owó ẹni tó fi tiẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wa á sì rì."
Mo ní òótọ́ ni.
Mo ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, owó tó wá yá yìí,
ṣebí ìjọba ló kó o fún wa pé ká pín in fún oníṣẹ́ ọwọ́?
Owó gbogbo ìlú, òṣùwọ̀n abẹ́ aṣọ?
Gbèsè Ládìdì, àìsàn ọkọ rẹ̀, iye tó kù lápò rẹ̀,
ìyẹn tọ́ ní bíbò, ẹ jẹ́ ká bò ó.
Ìdí tí a fi lé e padà ńkọ́, ta ló ni ín?"
Ó wo aago.
Ó ní òfin tó ní kí aráàlú máa bèèrè,
iléeṣẹ́ ìjọba ló ń bá wí.
Mo ti débẹ̀ lóṣù tó kọjá, ní àárín Àbújá gan-an;
akọ̀wé kan ń jẹ ẹ̀pà, ó ní
ìwé náà wà lọ́dọ̀ báǹkì.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀,
Ládìdì ti lọ.
Ó fi múdù sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rè é.
Lálẹ́ àná, nígbà tí gbogbo wọn lọ tán,
mo yí i po, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ káàkiri.
Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Lówùúrọ̀ yìí, ẹ̀rọ tún yọ pupa
fún bíríkìlà kan tó ti Dọ́bì wá.
Mo ń kọ lẹ́tà rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́,
títí mo fi dé ibi tí a ń kọ ìdí sí.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Wọn ò sọ fún èmi náà.
Mi ò tíì fi òǹtẹ̀ lù ú.